Ìwé Tí Mi Ò Lè Pa Dé

Ìtàn àròsọ ni mò ń kọ ní Ìbà, mo sì máa ń ka iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú wa bí ẹni tó ń yẹ ilé wò. Ìwé kan wà tí mo mọ gbogbo ibi tó ti ń jò, síbẹ̀ tí mo bá ti ṣí i, ó di ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938.

Ìwàásù inú rẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà tí àwọn ọdẹ dé Òkè Láńgbòdó, ọ̀dọ̀ ọlọ́gbọ́n kan tó ń jẹ́ Ìrágbèje ni wọ́n jókòó sí, ọjọ́ méje gbáko ni wọ́n fi ń gbọ́ ìmọ̀ràn, ìtàn sì dúró. Olùkọ́ ni Fágúnwà, àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. ló sì tẹ ìwé náà. Mo mọ ibi tí ìwàásù yẹn ti wá, àmọ́ n kò fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni ti obìnrin tó rọ̀ mọ́ Kàkó, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà, pé kó má lọ. Kàkó pa á, ìrìn àjò sì ń bá a lọ. Ó yẹ kí ìtàn dúró níbẹ̀ ju ọ̀dọ̀ Ìrágbèje lọ.

Àmọ́ ẹ wo Àgbákò, ẹ̀dá abàmì inú ìwé náà. Kí Fágúnwà tó jẹ́ ká mọ̀ pé ojú 16 ló wà lórí ẹ̀dá yìí, ó ti wọṣọ fún un ná: fìlà irin, ẹ̀wù idẹ, ṣòkòtò awọ. Ẹni tó bá ti wọṣọ, a ti gbà pé ó wà. Bàbá Àkàrà-oògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn náà, yìnbọn fún àgbọ̀nrín, ìyàwó rẹ̀ ni. Ohùn tí a fi sọ ti ìbọn náà la fi sọ ti ìyàwó. Iṣẹ́ tó le jù nínú iṣẹ́ wa nìyẹn. Bí òǹkọ̀wé bá yí ohùn padà nígbà tí ohun àrà wọlé, òǹkàwé á ti fura.

Ní agbègbè tiwa, láti Ìkìrun dé Ìnísà àti Òkukù, etí wa ti mọ ohùn yẹn. Wọ́n sọ fún wa pé obìnrin ni Ọ̀tìn kó tó di odò, ẹni tó ń sọ ọ́ sì lè máa bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Nínú oríkì Òkukù, tí Karin Barber kọ odidi ìwé lé lórí ní 1991, babańlá ẹni lè di erin kó tún di ọmọ lágbájá. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Wole Soyinka túmọ̀ ìwé Fágúnwà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ wá ti Yorùbá rà, kí ẹ kà á sókè sétí àwọn ọmọ yín. Bí ọ̀rọ̀ Ìrágbèje bá sú wọn, ẹ fo ojú ìwé díẹ̀, kò ní pa ìtàn lára.