Ohùn Ṣẹ̀gilọlá, Ojú Àjàní: Èrò Lórí Ìtàn-Àròsọ Yorùbá Méjì

Òǹkàwé tó bá ka Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá ti Isaac B. Thomas tán, tó sì mú Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ lé e, yóò ṣàkíyèsí ohun kan tí àwọn ìwé ìtàn lítíréṣọ̀ Yorùbá kì í sábà mẹ́nu bà. Ìfẹ́, oge àti ìgboro ni ìwé méjèèjì dá lé. Ọdún 45 ló wà láàárín ìgbà tí èkíní bẹ̀rẹ̀ sí í jáde àti ìgbà tí èkejì dé orí àtẹ. Ẹni tó bá gbà pé ńṣe ni ìtàn-àròsọ ń dàgbà bí ọmọ ènìyàn yóò retí pé nínú ìwé tó jáde kẹ́yìn ni obìnrin yóò ti rí àyè sọ tẹnu rẹ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí.

Lẹ́tà-lẹ́tà ni ìtàn Ṣẹ̀gilọlá kọ́kọ́ jáde nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí Thomas fúnra rẹ̀ jẹ́ olóòtú rẹ̀, láti oṣù keje ọdún 1929 títí di oṣù kẹta ọdún 1930. Ọdún 1930 yìí kan náà ló di odidi ìwé. Thomas kò fi orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ àwọn lẹ́tà náà. Obìnrin kan tí ẹwà rẹ̀ ti gba Èkó kan rí, tí àìsàn wá dá dùbúlẹ̀, ló ń kọ̀wé sí olóòtú láti ka ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ó wà láyé lóòótọ́. Ẹnìkan tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó bá fi èyí pe àwọn ará Èkó ìgbà náà ní gọ̀ǹgọ̀ṣú kò tíì wo bí Thomas ṣe dẹ pańpẹ́ rẹ̀. Orúkọ àdúgbò wà níbẹ̀, orin tó gbòde nígbà èwe Ṣẹ̀gilọlá wà níbẹ̀, ẹsẹ Bíbélì àti orin ìjọ kò gbẹ́yìn. Àgbàlagbà tó bá orin tí òun náà ti jó sí rí pàdé nínú lẹ́tà aláìsàn, ẹ̀rí wo ló tún fẹ́ béèrè?

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà ka ìwé yìí. Àwọn kan rí i bí ìwé ìkìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. Àwọn mìíràn ní ìkìlọ̀ náà kò ju aṣọ ìbora lọ, pé ọ̀rọ̀ àlè ló ń ta ìwé ìròyìn. Kò sí èyí tó bá ohùn ìwé náà mu tán. Ẹkún ni Ṣẹ̀gilọlá sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, yóò bẹ Ọlọ́run, yóò kìlọ̀ fún ọmọbìnrin ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni ìrántí á dé. Gbólóhùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, á máa ròyìn bó ṣe fi ọgbọ́n tan ọkùnrin kan, inú rẹ̀ á máa dùn sí ọgbọ́n náà bó ti ń sọ ọ́, títí ìrora yóò fi rán an létí pé ìrònúpìwàdà ló tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Ẹkún náà kì í ṣe irọ́, adùn náà kì í sì í ṣe irọ́. Pé ẹnu kan ṣoṣo ló ń sọ méjèèjì ni ìwé náà fi ju ìwàásù lọ.

Òótọ́ ni pé ọkùnrin ló wà nídìí ohùn yìí, kò sì yẹ kí lámèyítọ́ kankan fojú fò ó. Thomas ló dájọ́ àìsàn fún un. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kì í jìnnà sí ọkùnrin tó bá ń kọ̀wé nípa obìnrin olólùfẹ́ púpọ̀. Síbẹ̀, ohùn tó yá Ṣẹ̀gilọlá tóbi ju ìdájọ́ tó dá fún un lọ.

Nínú Ó Le Kú, tó jáde ní 1974, Àjàní jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìyá rẹ̀ ń fẹ́ kó mú aya wálé, òun sì ń ṣe ségesège láàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ní ti èdè, bóyá ni ìwé kan wà tó gbé ìtàkùrọ̀sọ àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jáde tó báyìí. Ọ̀rọ̀ aṣọ inú rẹ̀ lágbára débi pé nígbà tí Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997, ìró kúkurú tún gbòde, wọ́n sì ń pè é ní "oleku". Ṣùgbọ́n ojú ta ló ń wo àwọn aṣọ wọ̀nyí? Ojú Àjàní ni. Bí inú bá bí Àṣàkẹ́, lójú rẹ̀ àti nínú ọ̀rọ̀ tó bá sọ sí Àjàní ni òǹkàwé ti ń mọ̀. Ohun tí àwọn obìnrin mẹ́ta yìí ń rò nígbà tí Àjàní kò sí nítòsí ṣọ̀wọ́n.

Ẹnìkan lè jiyàn pé Ìṣọ̀lá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, pé ìwé náà kò dá Àjàní láre fún àìlèpinnu rẹ̀. Àríyànjiyàn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kì í sì í ṣe pé Ìṣọ̀lá kò mọ bí wọ́n ṣe ń fún obìnrin lóhùn: ẹni tó bá ka eré-onítàn rẹ̀, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tó jáde ní 1970, yóò rí Ìyálóde tí ọ̀rọ̀ kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkà ni eré náà fi í hàn. Ìyẹn gan-an ló mú kí ìdákẹ́jẹ́ inú Ó Le Kú gba àfiyèsí. Bí ìwé kan bá tilẹ̀ ń bá ọkùnrin wí, tí kò fi ibì kankan sílẹ̀ fún ẹni tí ọkùnrin náà ṣẹ̀, ìtàn ọkùnrin náà ló ṣì ń sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Bí olùkọ́ bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn-àròsọ Yorùbá láti orí Fágúnwà ní 1938, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé inú igbó ni ìtàn náà ti wá, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìgboro lẹ́yìn òmìnira ni, tí Ó Le Kú yóò sì dà bí ìgbà àkọ́kọ́ tí ìfẹ́ ìgboro dé inú ìwé. Kò sí àwáwí fún èyí mọ́ láti ìgbà tí Karin Barber ti tún ìtàn Ṣẹ̀gilọlá tẹ̀ jáde ní 2012, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àti ìtumọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kíka ìwé méjèèjì pọ̀ kò ní sọ ìwé Ìṣọ̀lá di kékeré. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí Àṣàkẹ́ bá kúrò níwájú Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbọ́ ohùn Ṣẹ̀gilọlá yóò fẹ́ mọ ibi tó lọ, àti ohun tó ń bá ara rẹ̀ sọ lọ́nà.