Aṣọ Tí Odò Ògùn Gbé Wá

Àlejò tó bá wá sí Abẹ́òkúta, Olúmọ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń mú un lọ. Kò burú. Abẹ́ àpáta yẹn ni àwọn Ẹ̀gbá forí pamọ́ sí ní 1830 nígbà tí ogun lé wọn kúrò nílé, Ṣódẹkẹ́ ni olórí wọn. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ya fọ́tò tán, tó sọ̀ kalẹ̀, tó sì rìn dé ọjà Ìtòkú, yóò rí ohun tó bọ́ ìlú náà lẹ́yìn tí ogun ti rọlẹ̀. Aṣọ ni. Aláró ni mí. Ọ̀dẹ̀dá ni mo ń gbé, ibẹ̀ ni ìkòkò mi wà, Ìtòkú ni mo ń kó ọjà lọ.

Àwọn tó ń mú àlejò kiri máa ń sọ pé àdìrẹ jẹ́ ohun àtayébáyé wa pátápátá, pé kò sí ọwọ́ àjèjì kankan níbẹ̀. Mo máa ń dákẹ́ ni, torí wọ́n ń bá mi tajà. Aró ni tiwa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kíjìpá tí àwọn ìyá ńlá wa hun nínú ilé ni wọ́n ń rì sínú rẹ̀. Àdìrẹ tí gbogbo ayé wá mọ̀ lónìí ńkọ́? Tẹ́rù ló sọ ọ́ di ńlá, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn òyìnbó ń hun ní Manchester. Kíjìpá ki jù, ojú rẹ̀ kò tẹ́ tó fún iṣẹ́ wẹ́wẹ́ tí a ń ṣe. Orí tẹ́rù ni ọnà ti lè jáde dáadáa.

Báwo wá ni tẹ́rù ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Odò Ògùn ló gbé e. Láti Èkó ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gòkè bọ̀, Arò sì ni èbúté, torí pé àpáta dínà lókè ibẹ̀. Nígbà òjò, ọkọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi fà, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Epo pupa àti òwú ń sọ̀kalẹ̀ lọ, aṣọ ń gòkè bọ̀. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ náà ni ti òwú. Láàárín ọdún 1850 sí 1860, oníṣòwò kan ní Manchester, Thomas Clegg, bá àwọn míṣọ́nnárì tó wà ní Abẹ́òkúta ṣe é kí àwọn Ẹ̀gbá máa gbin òwú, kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí i. Òwú oko wa gba odò lọ sí ìlú òyìnbó, ó di tẹ́rù, a tún fi owó wa rà á padà. Àwọn ìyá wa kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Wọ́n rì í sínú aró, wọ́n sì tà á ju iye tí wọ́n rà á lọ.

Abẹ́òkúta nìkan kọ́ ni odò sọ di ọlọ́jà. Ọmọ mi obìnrin fi fíìmù kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀ nípa ìlú kan tó ń jẹ́ Hoi An ní Vietnam. Ìlú èbúté àtijọ́ ni, lẹ́bàá odò Thu Bon. Àwọn oníṣòwò Ṣáínà àti Jèpáànù ló ń wá ra sílíìkì àti ìkòkò níbẹ̀. Iyanrìn wá dí odò, ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé mọ́, òwò bá ṣí lọ sí Da Nang. Nítorí pé owó kò wọlé, kò sí ẹni tó ń wó ilé àtijọ́ láti kọ́ tuntun. Bí àwọn ilé náà ṣe wà nìyẹn títí àjọ UNESCO fi kọ orúkọ ìlú náà mọ́ ti àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 1999. Ọdún yẹn náà ni Sukur tiwa ní Adamawa wọ inú ìwé ọ̀hún. Afárá kan wà ní Hoi An tí àwọn ará Jèpáànù kọ́, orí owó bébà 20,000 dong ni wọ́n ya á sí. Mo rántí Ladi Kwali, amọ̀kòkò ọmọ Gbagyi, tó wà lẹ́yìn ogún náírà wa. Ì bá wù mí kí wọ́n ya aláró sórí owó lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi wá sórí ogún náírà o. Kí ló tún ń rà?

Odò tiwa náà kú fún òwò, iyanrìn kọ́ ló pa á. Rélùwéè ni. Nígbà tó fi máa di 1901, ọkọ̀ ojú irin ti ń rìn láti Èkó dé Ìbàdàn, ó sì gba Abẹ́òkúta kọjá. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Àdìrẹ ní tirẹ̀ gbéra sọ ni. Rélùwéè ń gbé ọjà yára ju odò lọ. Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà ń ti Gold Coast àti Sẹ̀nẹ̀gà wá kó aṣọ aláró ní Abẹ́òkúta.

Ilé mi ní Ọ̀dẹ̀dá dára fún iṣẹ́ yìí, torí ohun tí aró ń jẹ kò jìnnà sí wa. Èèpo kòkó gbígbẹ wà lóko, òun ni mo ń sun pẹ̀lú igi fún eérú. Gbágùúdá ń bẹ lọ́tùn-ún lósì. Láfún tí a ń rò jẹ ni a fi ń se ẹ̀kọ tí a ń tẹ̀ sára aṣọ, a kàn ń bu álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i ni, kó lè di aṣọ mú. Ibi tí ẹ̀kọ náà bá wà, aró kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Nígbà tí a bá họ ẹ̀kọ kúrò, funfun ló kù.

Inú ìkòkò ni iṣẹ́ gan-an wà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí pé gbogbo ẹnu ni ń yin ọnà orí aṣọ, ẹni tó ń yin ìkòkò kò pọ̀. Ewé èlú ọ̀dọ́ ni à ń já. A ó gún un lódó títí tí yóò fi kúnná, a ó ṣù ú, a ó sá a sóòrùn kó gbẹ kó sì dúdú. Eérú ní tirẹ̀, inú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu la ó kó o sí, a ó gbé e ka orí ìkòkò mìíràn, a ó máa bu omi lé e lórí díẹ̀díẹ̀. Omi tó bá kán sísàlẹ̀ pọ́n, ó sì ń yọ̀ láàárín ìka. Tí kò bá yọ̀, a ó tún dà á gba orí eérú mìíràn kọjá. Inú omi yìí la ó kó èlú sí, a ó sì dé e.

Ó di ọjọ́ mélòó kan. Aró tó bá ń jinná máa ń rùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Àwọn aládùúgbò mi ti gba kádàrá. Màmá àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń fi ìka tọ́ ọ lá kó tó sọ pé ó ti jinná. Mùsùlùmí ni, ó ń kírun márààrún, síbẹ̀ kò ní ṣí ìkòkò láì dárúkọ Ìyá Mapó, òrìṣà àwọn aláró, lábẹ́ ètè rẹ̀. Èmi kì í lá a, imú mi tó mi. Bí ó bá ti tó, ìfófòó aró yóò lé sójú, omi abẹ́ rẹ̀ yóò sì ní àwọ̀ ewé tó ń súnmọ́ ti ìyeyè.

Ohun tó ń gbé mi dìde lórí àga títí di òní ni ìgbà tí a bá fa aṣọ jáde. Kì í jáde ní àwọ̀ aró rárá. Àwọ̀ ewé ni, tútù yọ̀yọ̀, ẹni tí kò mọ̀ yóò ní a ti ba aṣọ jẹ́. A ó tẹ́ ẹ sórí okùn. Láti etí aṣọ ni aró ti ń bẹ̀rẹ̀ sí wọlé bọ̀, ojú yín ni ẹ ó fi rí i tó ń lé àwọ̀ ewé náà lọ sí àárín, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi ṣú bí ojú ọ̀run tó fẹ́ rọ̀jò. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣe é. Rírì ẹ̀ẹ̀kan kò tó. A ó rì í, a ó sá a, a ó tún rì í, títí tí yóò fi dúdú débi pé ó ń tàn pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí oòrùn bá kàn án. Lẹ́yìn náà ni a ó fi òòlù igi lù ú kó dán.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan bi mí ní ọjọ́ kan pé, “Màmá, kí ló dé tí ẹ kì í lo kẹ́míkà, kọ́sítíìkì àti háídírò, bíi ti àwọn tó kù? Ọjọ́ kan náà ni tiwọn ń jáde.”

Mo ní, “Ta ló sọ fún ẹ pé n kì í lò ó? Kàm̀pálà tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn, kí ni mo fi ṣe é?”

Ìjà tó wà lórí kọ́sítíìkì ti pẹ́. Ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì ti ń ta aró inú agolo láti 1897. Nígbà tí òun àti kọ́sítíìkì sódà dé Abẹ́òkúta, wọ́n gba àwọn obìnrin lọ́wọ́ eérú àti odó. Àwọn oníbàárà wá bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn pé aṣọ ń ṣí, pé ó ń ya. Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, fòfin de sódà àti aró agolo náà. Ní 1936, àwọn aláró kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí wọ́n ń gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lé lórí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Judith Byfield kọ odindi ìwé nípa àwọn obìnrin yìí, *The Bluest Hands*, ó jáde ní 2002. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ̀ nípa Funmilayo Ransome-Kuti àti ìjà owó orí ti 1947. Àwọn aláró ti mọ ọ̀nà ààfin ṣáájú ìgbà yẹn.

Èmi tí mo ń sun eérú, ẹ̀yìn àwọn tó lo sódà ni mo wà. Aláké kò parọ́ o: bí sódà bá pọ̀ jù, ó ń jẹ aṣọ, ó sì ń bó ọwọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí tẹ́rù gbà wọlé ni sódà gbà, kò sì sí ẹni tó pe tẹ́rù ní àjèjì. Páànù ńkọ́? Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ adìyẹ àti ìgbálẹ̀ ni àwọn obìnrin fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin gé páànù tí wọ́n tẹ́ sínú àpótí ọjà òkè òkun, wọ́n lu ọnà sí i, àwọn obìnrin sì ń ti ẹ̀kọ gba ojú ihò rẹ̀. Nígbà tí ọba òyìnbó, George Karùn-ún, pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́ ní 1935, kíá ni wọ́n gé òun àti ìyàwó rẹ̀ sí páànù, aṣọ náà ń jẹ́ Olọ́ba. Pàǹtírí àpótí òyìnbó ni wọ́n fi ya òyìnbó, wọ́n sì tà á. Mo fẹ́ràn àwọn ènìyàn yẹn.

Nítorí náà, bí mo ṣe ń bínú sí aṣọ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ ní Ṣáínà tí wọ́n ń kó wá sí Ìtòkú lónìí tí wọ́n ń pè é ní àdìrẹ, kì í ṣe torí pé ó ti òkè òkun wá. Odò gbé tẹ́rù wá, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún wa. Èyí ti parí iṣẹ́ kó tó gúnlẹ̀ ní Èkó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀, kó yí aṣọ sí òdì. Tiwọn á ṣì funfun bàlàù lẹ́yìn, aró tiwa ti mu dé ìhà kejì. Kó wo ọnà rẹ̀ láti igun dé igun: bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu láìyẹ̀, ọwọ́ ènìyàn kọ́. Kó fi àtàńpàkò pa á. Bí àtàńpàkò bá yí àwọ̀, kó máa bá mi dúnàádúrà.

Ti àwọn tó ń gé páànù ló ká mi lára ju ti Ṣáínà lọ. Àwọn tí mo mọ̀ ti dàgbà, fóòmù ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gé, wọ́n ń rì í sínú àbẹ́là yíyọ́ láti fi tẹ kàm̀pálà. Ó yá, owó wà níbẹ̀, n kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n fóòmù kò lè gé ìka ẹsẹ̀ adìyẹ kó hàn. Mo ń ra ògbólógbòó páànù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní i, bó ti wù kó dógùn-ún tó.

Mo ti gbin èlú sẹ́yìnkùlé. Àwọn tó ń fọ́ òkúta lágbègbè wa ń da eruku bo ewé rẹ̀, mo ní láti máa fọ̀ ọ́ kí n tó gún un, iṣẹ́ tí màmá àgbà kò mọ̀ nígbà tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wá wò ó, ìgbà òjò ni kó wá, ìgbà yẹn ni ewé ọ̀dọ́ pọ̀. Kó má sì wọ aṣọ funfun wá.