Ilé Ẹ̀yìn Ọkọ̀ àti Òkè Ọ̀kà

Àwa tí a ń kọ̀wé nípa àṣà ti yin ara ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà títí. A ti da àkọlé iwájú rẹ̀ kọ sínú ìwé, a ti sọ̀rọ̀ nípa kìnnìún àti àdàbà tí àwọn ayàwòrán fi ọ̀dà kùn sí i lára, a sì ti fi orúkọ tí awakọ̀ sọ ọkọ̀ rẹ̀ wé oríkì. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ dúró sí ni a ti ń wò ó nígbà náà. Èmi rò pé ó yẹ kí a wò ó lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà, níbi tí ilẹ̀ kò ti tẹ́jú, tí Ọ̀kà fúnra rẹ̀ sì gun orí òkè. Òkè kì í ka àkọlé. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń bi ọkọ̀ ni pé: kí ni o rù, báwo ni ó sì ti wúwo tó?

Kí ohun tí mo ní lọ́kàn lè yéni, mo fẹ́ fi bọ́lẹ̀kájà wé ọkọ̀ kan tí a kì í sábà rí ní Àkókó. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ́ràn ìrìn àjò ìgbafẹ́ a máa gbé ilé kékeré ka ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù wọn. Nínú irú rẹ̀ tí ó wù mí jù, òrùlé a wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Bí wọ́n bá dúró láti sùn, wọn a tì í sókè, kanfáàsì tí a ti ká mọ́ abẹ́ rẹ̀ a nà jáde, a sì di ògiri. John Steinbeck, òǹkọ̀wé ilẹ̀ náà, ní ilé ẹ̀yìn ọkọ̀ tirẹ̀ ní 1960, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òrùlé tirẹ̀ kì í lọ sílẹ̀. Òun àti ajá rẹ̀ ni wọ́n fi rin Amẹ́ríkà yíká, ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀ sì jáde ní 1962. Òun náà sọ ọkọ̀ rẹ̀ lórúkọ, ó sì kọ orúkọ náà sí i lára. Àwọn tí wọ́n rò pé àwa nìkan ni a ní àṣà yìí, ẹ gbọ́ o.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ohun púpọ̀ láti yàn: fíríìjì, ààrò onígáàsì, táńkì omi, ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kékeré, bátìrì àti pátákó tí ń fi oòrùn ṣe iná. Kò sí èyí tí kò wuni nínú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye owó tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwúwo ni gbèsè tí olùrà yóò máa san ní gbogbo ọ̀nà. Lítà omi kan, kílò kan ni. Táńkì tí ó gba 80 lítà ti gbé odindi ènìyàn kan tí ó sanra sínú ọkọ̀ kí onílé tó wọlé. Ní Amẹ́ríkà, òfin mú kí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, èyí tí ó sọ iye tí ìwọ̀n ènìyàn àti ẹrù kò gbọdọ̀ jù lọ. Olùrà tí ó gbọ́n a ka ìwé yìí kí ó tó ka ti àwọn ọlọ́jà.

Olówó bọ́lẹ̀kájà náà yan ohun tí ó fẹ́, ó sì fi ọgbọ́n yàn án ju bí a ti ń gbà fún un lọ. Egungun ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì ni ó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, Bedford tàbí Austin. Kafíńtà ilé wa ni ó ń fi pákó ṣe ìyókù. Báwo ni pákó ẹ̀gbẹ́ yóò ti ga tó? Bẹ́ǹṣì mélòó ni yóò wọ inú rẹ̀, ṣé yóò sì ṣeé yọ? Bẹ́ǹṣì tí ó ṣeé yọ ni olóye ń béèrè, nítorí ọkọ̀ tí ó kó èrò lọ sí ọjà Ìkàrẹ́ ní òwúrọ̀ lè kó iṣu tàbí kòkó ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n tápólì ni mo kà sí ohun tí ó dára jù lọ nínú iṣẹ́ náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn a ká a sókè sí ẹ̀gbẹ́ òrùlé, atẹ́gùn a máa fẹ́ sí èrò lára. Bí òjò bá ṣú, ọmọ ọkọ̀ a tú okùn rẹ̀, ògiri a sọ̀ kalẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú kanfáàsì àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òrùlé tiwọn ń lọ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Tiwa kì í lọ sílẹ̀, ẹrù a sì tún gun orí rẹ̀.

Níbẹ̀ ni mo ti ní ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn baba wa kafíńtà, àti pẹ̀lú àwa tí a ń yìn wọ́n. Pákó ẹ̀gbẹ́ tí ó ga ń pe ẹrù púpọ̀. Ẹrù tí ó ga ń mú kí ọkọ̀ fẹ́ dojú dé ní kọ́nà. Èyí tí ó wúwo ń fìyà jẹ ìjánu ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Fífi nǹkan ha nǹkan ni ìjánu fi ń dá táyà dúró. Híha yìí a máa mú ooru wá, bí ooru náà bá sì pọ̀ jù, ìjánu kò ní mú mọ́, bí awakọ̀ tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí awakọ̀ àgbà fi ń fi jíà kékeré sọ̀ kalẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ya wọ àárín àwọn ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Àkùngbá, nítòsí Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin, níbi tí kò jìnnà sí Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà. Ó pa ènìyàn, akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú wọn. N kò lè kọ̀wé nípa ẹwà ara ọkọ̀ ní agbègbè yìí kí n má rántí wọn.

Nínú àwọn òǹkọ̀wé wa, Wọlé Ṣóyínká tètè rí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú eré rẹ̀ The Road, tí ó jáde ní 1965, orúkọ ọkọ̀ wà níbẹ̀, àpárá àwọn awakọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara àwọn ọkọ̀ tí ó ní ìjàǹbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti awakọ̀ tí ìjàǹbá mú kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Àríwísí tí ó dé ojú ọ̀nà nìyẹn.

Lónìí, wẹ́dà ti gba iṣẹ́ kafíńtà. Wọ́n ń jó irin mọ́ píkọ́ọ̀pù, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ń ga sí i, olówó ọkọ̀ sì ń fi ojú lásán díwọ̀n ẹrù. Bí oníṣòwò kan ní Ìkàrẹ́ bá bi mí pé kí ni kí òun kọ́ sí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tí òun yóò máa sùn sí ní ọjà ọ̀nà jíjìn, n óò ní kí ó fi táńkì sílẹ̀, ẹni tí ń ta omi kò wọ́n ní ọjà. Kí orí àpótí tí ó ń kó ọjà sí di ibùsùn rẹ̀. Kí ògiri jẹ́ tápólì, kí òrùlé sì wà nílẹ̀ kí ó tó kọjú sí òkè. Ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru kò wúlò, àfi bóyá fún ẹni tí yóò sùn lókè Ọ̀kà nígbà ọyẹ́, kíjìpá kan sì tó fún ìyẹn. Kí ó fi owó tí ó bá ṣẹ́ kù tún ìjánu ṣe. Bí ó bá tún fẹ́ kọ orúkọ sí iwájú ọkọ̀ náà, kí ó kọ ọ́. Ọ̀dà kò wúwo.