Ọwọ́ Físíò Lábẹ́ Gìgísẹ̀

Kí físíò tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá náà, ó kọ́kọ́ bi ọmọ wọn léèrè: kí wọ́n tó ṣubú, ta ló ń bá wọn lọ sọ́jà? “Àwọn nìkan ló ń dá lọ.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí ènìyàn ti ń rìn dé tẹ́lẹ̀ ló fi ń díwọ̀n ibi tí ó lè padà dé.

Ó wá ka ìwé iṣẹ́ abẹ. Ọrùn egungun itan ọ̀tún ló kán. Dókítà ti yọ orí egungun náà, ó sì ti fi irin rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi orúkọ Austin Moore, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, pè. Ẹ̀yìn ìdí ni wọ́n gbà wọlé. Nítorí náà, ìyá kò gbọdọ̀ tẹ ìbàdí kọjá dígírì 90, wọn kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ léra, kí irin má baà yọ kúrò nínú ihò rẹ̀. Àpótí ìdáná di èèwọ̀ fúngbà díẹ̀. Orí àga ni wọn yóò ti máa kírun.

Ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ nìyí. Físíò ti ní kí nọ́ọ̀sì fún wọn ní oògùn ìrora ṣáájú. Iṣan tí ìrora bá dì mú kì í gbọ́ràn.

“Mọ́mì, ẹ fa ìka ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín. Ẹ tì í lọ.” Ìyẹn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ orúnkún: “Ẹ tẹ ọwọ́ mi mọ́ bẹ́ẹ̀dì.” Ọwọ́ kejì wà lókè orúnkún, ó ń dúró de iṣan itan. Iṣan náà le díẹ̀, ó gbọ̀n, ó rọ̀. “Ẹ tún un ṣe.”

Èyí tó wù mí wò jù ni ti gìgísẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e, ó ní kí ìyá máa wọ́ ẹsẹ̀ náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ìka ẹsẹ̀ kọjú sókè. Nígbà àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló ru gbogbo ẹrù. Nígbà kẹta, ọwọ́ náà ti rọ̀ sílẹ̀, ó kù díẹ̀ kí n má rí i. Ìyá kò mọ̀ pé àwọn ti ń bá a gbé e. Bí itan bá fẹ́ yí sínú, ìka kan ṣoṣo ló fi ń dá a padà. Iṣan ẹ̀gbẹ́ ìdí ló ń wá: òun ló ń di egungun ìdí mú nígbà tí a bá fi ẹsẹ̀ kan dúró. Bí kò bá lágbára, ìdí ẹ̀gbẹ́ kejì á máa wọlẹ̀ bí a ti ń gbẹ́sẹ̀, ohun tí Friedrich Trendelenburg ará Jámánì ṣàpèjúwe ní 1895.

Ìyá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ojú wọn ni físíò ń wò báyìí, torí ẹ̀jẹ̀ tó dínkù lè mú òòyì wá. Ó ti wọn gíga wọ́kà, irin tí wọn yóò fi rìn: ibi ìdìmú bá ọrùn ọwọ́ dọ́gba, kí ìgúnpá lè tẹ̀ díẹ̀.

“Ọmọ mi, ṣé kò ní já?”

“Kò ní já, Mọ́mì. Ẹ gbára lé e.”

Wọ́kà kọ́kọ́ lọ, ẹsẹ̀ iṣẹ́ abẹ tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ tó dá gbẹ̀yìn. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin, àga.

Nígbà tí ọ̀pá bá gba ipò wọ́kà, ọwọ́ òsì ni yóò wà, kí ó lè bá iṣan ìdí ọ̀tún gbé ẹrù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn ará ilé sábà máa ń fi í sí. Ó béèrè oúnjẹ pẹ̀lú: ẹyin, ẹja, ẹ̀wà; ògì nìkan kì í kọ́ iṣan. Lẹ́yìn náà ló na téèpù sí ọmọ wọn pé kó lọ wọn ìjókòó ilé ìgbẹ́ wọn; kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju orúnkún ìyá lọ.