Kíláàsì Àgbà ní Òkè-Àgbò

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń tú Ìwé Mímọ́ láàárín wa, kí ó má dúró de ìwàásù. Kí ó tètè jí lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ó lọ jókòó sí kíláàsì àgbà ní Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí àwọn Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè, àgbẹ̀ kòkó àti ìyá ọlọ́jà, ti ń ka Bíbélì tí odidi rẹ̀ jáde lédè wa ní 1884, ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, láti ẹnu dé ẹnu.

Ẹ wo òwe afúnrúgbìn ní Mátíù orí 13. Bàbá tí ó ti ń fi àdá gbẹ́ ihò àgbàdo láti èwe yóò ti jígí rẹ̀ sókè, yóò bèèrè irú àgbẹ̀ tí ń da irúgbìn sójú ọ̀nà. Olùkọ́ kì í pa á lẹ́nu mọ́. Yóò ní sùúrù, lẹ́yìn náà ni yóò ṣàlàyé pé fífọ́n ni àwọn Júù ń fọ́n ọkà tiwọn. Ìyá kan á wá dáhùn pé: “Bàbá, a jẹ́ pé ọ̀làwọ́ ni afúnrúgbìn yẹn.” Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Mo ti gbọ́ ìwàásù àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí kò dé ibẹ̀.