Àpótí YouView Nílé Òṣìṣẹ́ Alẹ́

Nínú àwa tí à ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kò kéré rárá. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tí ìròyìn aago mẹ́wàá alẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ lórí BBC One, wọ́n ti dé ẹnu iṣẹ́. Alẹ́ Sátidé ni Match of the Day, tó ti wà láti ọdún 1964, máa ń fi bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá lọ́jọ́ náà hàn. Ẹni tó bá ń ṣọ́nà ní ilé ìtajà lákòókò yẹn kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà tí yóò bá fi délé láàárọ̀, oorun ti kún ojú, ohun tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n kò sì kàn án. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àpótí YouView, tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Ìlú Ọba máa ń fi mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ilé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń béèrè bóyá ó tó ohun tí à ń gbé wọlé. Ní tèmi, ó tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé ló wà fún.

Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2007 ni BBC gbé iPlayer jáde, láti ìgbà náà ni ará ìlú ti lè máa wo ètò tó ti kọjá lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n orí tábìlì ni kọ̀ǹpútà wà, pálọ̀ ni tẹlifíṣọ̀n wà, kò sì sí baálé ilé tó fẹ́ kó ìyàwó àtọmọ jọ sídìí kọ̀ǹpútà kékeré kan. Ohun tó mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n BBC, ITV, Channel 4 àti Channel 5, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù BT àti TalkTalk, àti Arqiva tó ń gbé ìgbì tẹlifíṣọ̀n sáfẹ́fẹ́ parapọ̀ nìyẹn, kí íntánẹ́ẹ̀tì lè gba inú àpótí kan ṣoṣo wọ pálọ̀. Project Canvas ni wọ́n kọ́kọ́ ń pe iṣẹ́ náà. Ọdún 2011 ni oníṣòwò nì, Lord Sugar, di alága rẹ̀, oṣù keje ọdún 2012 sì ni àpótí àkọ́kọ́, èyí tí ilé-iṣẹ́ Humax ṣe, bọ́ sọ́jà. £299 ni wọ́n ń tà á. Owó ńlá nìyẹn lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó tún ń fowó ránṣẹ́ sílé. BT àti TalkTalk ló jẹ́ kó di ohun tí apá mẹ̀kúnnù ká: ẹni tó bá bá wọn ṣe àdéhùn íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, wọ́n ń fún un ní àpótí, owó ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì ń gbà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ £299.

Ẹ jẹ́ ká wo àpótí náà fúnra rẹ̀. Dúdú ni, ó pẹlẹbẹ, ó sì ń dán lórí débi pé eruku kì í fara pamọ́ níbẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e síwájú, kò sí ohun àrà kan tí ojú máa rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ihò kan wà tí wáyà àǹténà orí òrùlé ń wọ̀, òmíràn wà fún wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, HDMI sì so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀nà méjì tí nǹkan ń gbà wọ inú rẹ̀ yìí ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ìkànnì Freeview, tí ẹnikẹ́ni kì í san owó oṣooṣù fún, ń gba ojú àǹténà wọlé. iPlayer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba íntánẹ́ẹ̀tì. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá dá iṣẹ́ sílẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí a bá nílò rẹ̀ jù, Freeview kò bá a lọ. Bí wọ́n bá sì tẹ ojú ewé àtòjọ ètò sẹ́yìn lórí rìmóòtù, ọjọ́ méje tó ti kọjá wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Èèyàn lè rí ètò alẹ́ ọjọ́ Ajé lọ́jọ́ Ẹtì, kó tẹ̀ ẹ́, kó sì máa wò ó, láìronú lórí ilé-iṣẹ́ tó ni ín tàbí ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n hard disk inú rẹ̀ ni ọkàn ọ̀rọ̀. Ti àpótí Humax àkọ́kọ́ yẹn jẹ́ 500GB, ó sì lè gba nǹkan bíi 300 wákàtí ètò sílẹ̀ bí àwòrán rẹ̀ kò bá jẹ́ HD. HD ń jẹ àyè gan-an, ìyẹn kò lè tó ìdajì. Ó lè gba ìkànnì méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí àwọn ará ilé ń wo èyí tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Bí ètò bá jẹ́ alápá púpọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa sọ fún un, yóò sì máa ṣọ́ apá kọ̀ọ̀kan títí yóò fi parí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, nígbà tí BBC Two bẹ̀rẹ̀ sí í fi Black and British hàn, ètò tí David Olusoga tí wọ́n bí sí ìlú Èkó ṣe lórí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Ìlú Ọba, apá mẹ́rin ni. Ilé tó bá ní àpótí yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni rántí ọjọ́ tàbí aago. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ kìíní àti ọ̀sẹ̀ kẹta yóò bá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í sábà kíyè sí. Fídíò kásẹ́ẹ̀tì ayé àtijọ́, aago ló ń tẹ̀ lé: wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, aago mẹ́wàá ló máa bẹ̀rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé bọ́ọ̀lù tó kọjá àkókò ló wà lórí ìkànnì nígbà náà. Àpótí yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń fi àmì ránṣẹ́ mọ́ ètò kọ̀ọ̀kan láti fi hàn pé òun gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀ yìí, àmì yẹn ni àpótí ń dúró dè. Bí ètò bá pẹ́ kó tó wọlé, àpótí náà yóò dúró. Bó bá pẹ́ kó tó parí, kò ní gé e lórí.

Mo wà nílé àwọn ọ̀rẹ́ kan nígbà kan tí màmá wọn wá láti Ìjẹ̀bú-Òde wá bá wọn tọ́jú ìkókó. Call the Midwife ni màmá ń wò, eré orí BBC One nípa àwọn agbẹ̀bí Poplar ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń dá sí ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì inú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ wà nínú yàrá ìgbẹ̀bí. Ni ọmọ bá figbe ta lókè. Màmá dìde wùyà. “Ìyá ìkókó, bá mi dá wọn dúró ná, kí n lọ gbé ọmọ yìí.” Ọmọ wọn rẹ́rìn-ín, ó na rìmóòtù sí wọn. “Ẹ̀yin náà lè dá wọn dúró, Mà. Ẹ tẹ èyí.” Màmá tẹ̀ ẹ́, agbẹ̀bí náà dúró pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gòkè, wọ́n rẹ ọmọ, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, màmá ló ń di rìmóòtù mú.

Ẹnìkan lè ní kí ni à ń gba ètò sílẹ̀ fún nígbà tí iPlayer wà. Ìbéèrè tó dáa ni. Àkọ́kọ́, ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe tiwa. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, kò sí nìyẹn, àwọn fíìmù tilẹ̀ máa ń yára lọ. Èkejì, bí wọ́n bá ń wo ètò ITV tàbí Channel 4 lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìpolówó ọjà inú rẹ̀ kò ṣe é fò. Èyí tí àpótí gbà sílẹ̀ láti ojú àǹténà ṣe é fò. Ẹni tó ní wákàtí kan péré kó tó sùn mọ iye tí ìyẹn jẹ́.

Nípa ti owó, ibẹ̀ ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Òótọ́ ni pé wọn kì í gba iye àpótí lọ́wọ́ ẹni, àmọ́ inú àdéhùn olóṣù púpọ̀ ni wọ́n ti ń gbà á padà díẹ̀díẹ̀. Láti ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ Ofcom ti sọ ọ́ di dandan pé bí ilé-iṣẹ́ bá máa fi kún owó láàárín àdéhùn tuntun, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ ní pọ́n-ùn àti pẹ́ńsì sínú ìwé kí oníbàárà tó fọwọ́ sí i. Ẹ ka ibẹ̀. Ìwé àṣẹ tẹlifíṣọ̀n, tí gbogbo wa ń pè ní TV licence, tún wà lọ́tọ̀: ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ó di £174.50 lọ́dún, òfin sì ní ẹni tó ń gba ètò sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní in gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wò ó. Àpótí ilé-iṣẹ́ náà sábà máa ń jẹ́ tiwọn, wọ́n lè ní kí a dá a padà nígbà tí àdéhùn bá parí. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ètò tí a gbà sílẹ̀ kò ṣe é kó lọ sínú àpótí mìíràn. Bí àpótí bá lọ, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ ni.

Àwọn ilé kan wà tí n kò ní rọ̀ láti gbà á. Ẹni tó jẹ́ pé fíìmù Yorùbá orí YouTube nìkan ló ń wò, fóònù rẹ̀ àti tẹlifíṣọ̀n tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì ti tó o. Ẹni tó ń wá ìdíje Premier League bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, kò sí lórí Freeview. Ẹni tó gba yàrá kan nínú ilé onílé tí kò sí àǹténà lórí òrùlé rẹ̀, ìdajì agbára àpótí náà ti lọ. Ẹ tún kíyè sí i pé àwọn àpótí ìbẹ̀rẹ̀ kò ní Wi-Fi nínú, wáyà ni wọ́n ń lò. Àwọn àpótí YouView kan sì wà tí kò lè gba ohunkóhun sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ ilé òṣìṣẹ́ alẹ́ tó ní àǹténà, tó fẹ́ràn ìròyìn, eré àti ìtàn, mo ní kí wọ́n gbà á. Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè iye tí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan máa jẹ́ láìsí àpótí. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú iye tí wọ́n ń pè fún méjèèjì, kí wọ́n sì fi iye oṣù inú àdéhùn sọ èyí tó ṣẹ́kù di púpọ̀. Bí ohun tó bá jáde bá ju iye tí wọ́n ń ta àpótí Freeview Play, tí òun náà ń lo àǹténà àti íntánẹ́ẹ̀tì, tó ní hard disk lọ, irú èyí tí Humax tàbí Manhattan ń ṣe, kí wọ́n ra ìyẹn lówó ẹ̀ẹ̀kan. Kò ní àdéhùn nínú, tiwọn ni, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ fún wọn pé kí wọ́n dá a padà.