Ta Ló Ni Ọkàn Inú Àwọ̀n?

Kí kọ̀ǹpútà tó lè fi bí ọkàn ẹnì kan ṣe ń lù hàn wá, a ní láti pín ọkàn náà sí wẹ́wẹ́ fún un. Àwòrán MRI tàbí CT aláìsàn la ó kọ́kọ́ gbé wá. A ó fa ààlà yí ẹran ọkàn ká, a ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀jẹ̀, a ó wá fi ọ̀kẹ́ àìmọye ègé olójú mẹ́rin tó fara kanra kún inú ògiri ọkàn bámúbámú. Àwọ̀n nìyẹn. Orí rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò bí iná ọkàn ṣe ń tàn káàkiri àti bí ẹran rẹ̀ ṣe ń súnkì tó sì ń dẹ̀. Àbújá ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dénú.

Àwọn kan rò pé ìpalẹ̀mọ́ lásán ni, pé inú ìṣírò ni iṣẹ́ gidi wà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Nídìí àwọ̀n la ti ń pinnu ẹni tó ni ọkàn tí a fẹ́ ṣírò.

Ẹ wo yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì, tó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Inú rẹ̀ kì í jọ̀lọ̀. Ẹran méjì yọ síta lára ògiri, okùn tín-ín-rín so wọ́n mọ́ ìlẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé, ẹran wẹ́wẹ́ mìíràn sì ta kókó káàkiri. Bí mo bá kà wọ́n mọ́ ògiri, ọkàn á wúwo sí i. Bí mo bá kà wọ́n mọ́ ẹ̀jẹ̀, yàrá á fẹ̀ sí i. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń dán ojú ògiri lè pa wọ́n rẹ́ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn onímọ̀ ọkàn ti ṣàkíyèsí pé ẹran wẹ́wẹ́ yìí máa ń hàn lára ènìyàn dúdú ju òyìnbó lọ.

Ìwádìí Abuja Heart Study, tí Dike Ojji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2013 láti Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí púpọ̀ jù lọ nínú ọkàn tó ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru a máa mú kí ògiri ọkàn nípọn. Tí mo bá wá mú ọkàn àwòṣe tí wọ́n ti ara àwọn ará Yúróòpù ṣe, tí mo kàn fà á kó lè bá àwòrán aláìsàn mi mu, ọkàn ẹlòmíràn ni mo gbé wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Àwòrán fúnra rẹ̀ kì í pé. Nínú MRI ọkàn tó wọ́pọ̀, ìpele kan a máa fi bíi mílímítà 8 jìnnà sí èkejì. Bí aláìsàn kò bá sé èémí bákan náà nígbà gbogbo, ìpele á yẹ̀ lórí ìpele. Mo gbọ́dọ̀ tò wọ́n padà kí n tó so wọ́n pọ̀, pàápàá ní góńgó ọkàn àti lẹ́bàá ìlẹ̀kùn.

Lẹ́yìn èyí ló kan ìwọ̀n ègé. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ fẹ̀ kò lè kó ẹja wẹ́wẹ́. Iwájú iná tó ń sáré lára ẹran ọkàn tín-ín-rín gan-an, nítorí náà ègé tí gígùn rẹ̀ tó bíi ìdámẹ́rin mílímítà la máa ń lò fún un. Tí a bá sì dín gígùn náà kù sí ìdajì, iye ègé di ìlọ́po 8. Ègé kan ṣoṣo tí inú rẹ̀ bá yí síta lè dá gbogbo ìṣírò dúró. Mo máa ń wá irú rẹ̀ kàn, mo máa ń yí i wò lójú kọ̀ǹpútà, mo máa ń sún igun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi tọ́. Inú mi a máa dùn tó bá tọ́.

Ó ku ipa ẹran, ìyẹn ọ̀nà tí fọ́nrán ẹran ọkàn kọjú sí. Láti inú ògiri sí ìta, ẹran ọkàn ń yí ojú padà, láti bíi dìgírì 60 sí 60 ní òdìkejì, iná sì ń yára jù tó bá tọ ipa yìí. MRI lásán kì í fi í hàn. Ìlànà tí olùwádìí Bayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2012 la máa ń fi yan ọ̀nà fún ègé kọ̀ọ̀kan.

Gmsh àti 3D Slicer, irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Mo ń rọ àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ ìṣirò kí wọ́n kọ́ ọ, nítorí ẹni tó ń gbé láàárín àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà ló yẹ kó hun àwọ̀n ọkàn wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá sọ ohun tí ìtọ́jú kan yóò ṣe sí ọkàn aláìsàn, kí dókítà kọ́kọ́ bi í pé ta ló ni ọkàn tó wà nínú àwọ̀n rẹ̀.